Orí Karùn-ún: Igi Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè Lórúkọ

Àtùpà orí òkè ti di aró kí Mosúnmọ́lá tó parí fífín igi àdúgbò ìsàlẹ̀. Bí àtùpà náà bá funfun, òtútù ọyẹ́ lásán ni; ènìyàn á wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti di aró, ìrì ń bọ̀ wá di yìnyín lóru nìyẹn. Igi ọsàn tí kò bá tíì mu oògùn kí oòrùn tó wọ̀, igi ìdáná ni lọ́la.

Ó fọn fèrè rẹ̀. Àwọn ológoṣẹ́ gbéra lórí òrùlé Ìyá Ládùnjoyè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń hùn bí oyin. Irin ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ikùn wọn sì dà bí gíláàsì tó jẹ́ pé ènìyàn lè rí oògùn tó kù níbẹ̀. Èyí tó kù kò pọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí fún wọn. "Ó ku ilé wa. Ẹ má dójú tì mí."

"Àwa kì í dójú ti ènìyàn," ni èyí àgbà inú wọn dáhùn. Àwọn ará etíkun ló ṣe wọ́n, ohùn ará etíkun ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa àwọ̀n. "Oòrùn ló ń dójú ti ènìyàn. Ẹ yára."

Ó yára. Ilé tirẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá ń da ológoṣẹ́ kò gbọdọ̀ fún igi ilé ara rẹ̀ mu kí ti àdúgbò tó mu. Òfin ni. Ó sì fẹ́ràn òfin náà dáadáa, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń dúró láàárín ọgbà. Ó fi aṣọ ìbora bo orí, ó fi igbá ẹ̀kọ gbígbóná pamọ́ sábẹ́ aṣọ náà kó má baà tutù.

"Ìyàwó, o pẹ́. Gba èyí kí o mu."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìyá Ládùnjoyè ni kò jẹ́ ká tètè fín igi rẹ̀. Ó ní igi náà ń bínú, òun fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́."

"Igi tó bá ń gbọ́ ẹnu Ìyá Ládùnjoyè láàárọ̀ lálẹ́, kí ni ó ṣe tí kò ní bínú?"

Ẹ̀kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá Mosúnmọ́lá lórí. Ó mu ún tán lórí ìdúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì tún fọn fèrè. Àwọn ológoṣẹ́ bà sórí ọgbà.

"Ọwọ́ lára igi, orúkọ lẹ́nu," ni èyí àgbà wí.

Ìyá gbé ọwọ́ lé igi àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá bí ọmọ nílùú yìí, wọ́n á bẹ́ ẹ̀ka kékeré lára igi baba rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ igi tuntun, wọ́n á sì ri ìwọ́ ọmọ náà sí ìdí rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni igi ń jẹ́. Oògùn kò tó gbogbo igi, nítorí náà èyí tí ará ilé rẹ̀ bá fọwọ́ kàn, tó sì pè lórúkọ, ni àwọn ológoṣẹ́ gbà pé ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tí kò bá rí ẹni pè é, wọn á fò ó kọjá.

"Oyèníran," ni Ìyá pè.

"Mo gbọ́. Ó wà. Kó máa mu."

Wọ́n rọ́ wọ abẹ́ igi náà, wọ́n dojú kọ òkè, wọ́n sì ń fín oògùn sí abẹ́ ewé bí ìkùukùu. Abẹ́ ni ẹnu ewé wà. Òórùn òkun gba inú ọgbà kan: iyọ̀, àti ewé òkun tí wọ́n sè títí tó fi di omi. Mosúnmọ́lá dì mọ́ fèrè rẹ̀, ó sì dijú díẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń se ewé òkun yẹn ni ọkọ rẹ̀ wà, ní etíkun, òun àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó wálé gbẹ̀yìn, bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe ń rùn gan-an nìyí. Ìyàwó mìíràn á fọ̀ ọ́. Mosúnmọ́lá ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

"O ti tún lọ," ni Ìyá wí.

"Lọ síbo, Màmá?"

"Sí ibi tí o máa ń lọ tí wọ́n bá ń fín igi ọkọ rẹ. Padà wá. Oòrùn kò dúró de olólùfẹ́."

Ìyá pe igi àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n sì mu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìdí igi tó wà ní òpin ọgbà, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tí ọsàn so sí wìtìwìtì bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge.

Igi Bàbá ni. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ gbogbo ọsàn inú ọgbà náà. Nígbà tí ooru jó ọsàn ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ pa, tí omi iyọ̀ sì gbé ti etíkun mì, ẹ̀ka tó di igi yìí ni baba Bàbá dì sínú aṣọ tútù gun òkè wá. Nígbà yẹn, ọyẹ́ kò ju kó la ètè ènìyàn lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọyẹ́ náà yóò dàgbà dé bó ṣe dàgbà yìí.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń pe igi yìí. Ohùn rẹ̀ pọ̀ débi pé, bó bá ti pè é, ará àdúgbò tó wà ní yàrá á mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, á wá ọmọ rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n láti àná ni ọyẹ́ ti mú Bàbá lọ́fun. Ó ń húkọ́ ṣáá, ó sì ń fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n má dààmú, ohùn òun ń padà bọ̀.

"Ohùn ńkọ́, Màmá?" Mosúnmọ́lá béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rí ìdáhùn lójú Ìyá.

"Ohùn wo? Mo fún wọn ní oyin. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fi àdí ra wọ́n lọ́rùn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Wọ́n kàn ń mi orí sí mi bí alángbá."

"Ọwọ́ lára igi, orúkọ lẹ́nu," ni ológoṣẹ́ àgbà wí.

Ìyá ká ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora.

Nígbà tí wọ́n gbé Mosúnmọ́lá wọlé yìí níyàwó, kí wọ́n tó fi yàrá rẹ̀ hàn án, ọgbà yìí ni Ìyá kọ́kọ́ mú un wọ̀. Ìyá ní kó kí gbogbo igi, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí òun yóò máa pè é, nítorí kò sí èyí tí kò ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Ó sọ ọ̀kan ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sọ ọ̀kan ní Adúmáradán. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdí igi yìí, ojú Ìyá yí padà. Ó ní, "Orúkọ yòówù kó bọ́ sí ọ lẹ́nu nínú ayé, kó má jẹ́ ti eléyìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyàwó máa ń pe orúkọ baálé nílé yìí. Ọjọ́ tó bá ń sunkún rẹ̀ ni." Ìyá ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá ọkọ tirẹ̀, ní òwúrọ̀ kan, tòun ti ariwo ẹkún. Kò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ìyàwó ni Ìyá. Ìyàwó ni Mosúnmọ́lá. Kò sì sí ọmọ ilé kankan nílé.

Kì í ṣe pé Mosúnmọ́lá kò mọ orúkọ náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó jókòó lórí ahọ́n rẹ̀ bí kóró ọsàn tí ènìyàn kò mọ ibi tí òun yóò tu ú sí. Bó bá ṣí ẹnu báyìí, igi yóò mu, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ṣùgbọ́n láti inú ilé ni ó ti ń gbọ́ ikọ́ Bàbá, ikọ́ tó jìn, tó dà bí ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ gbéra. Ta ló máa pe irú orúkọ yẹn ní irú ìrọ̀lẹ́ yìí, lórí irú ikọ́ yẹn?

"Bí o bá lè pè é, pè é," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́. "Mi ò ní bá ọ jà. Ọmọ mi ni ọ́. Èmi á kàn kọ ẹ̀yìn sí ọ."

Ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó fi aṣọ ìbora di etí méjèèjì.

Mosúnmọ́lá wo oòrùn. Ó ti jókòó sí èjìká òkè, ó pọ́n bí ẹyìn. Ó wo ọsàn orí igi. Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé kóró náà mì.

"Mi ò lè pè é, Màmá."

Ìyá yí padà kánkán. Ó wò ó pẹ́, ó sì gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọra, bí a ti ń gbá ọmọ tó ṣe ohun tó wú ni lórí. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ igi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan èèpo rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí.

"Eyínmẹ́nugún," ó pè é.

"Mi ò mọ igi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni ológoṣẹ́ àgbà wí.

"Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n," Ìyá dá a lóhùn. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Kò sí ọjọ́ tí wọn kò dá mi lóhùn, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ń bínú. Bí wọ́n bá sì ń bínú gan-an, wọ́n á ṣì fi imú dáhùn."

Mosúnmọ́lá kò gbọ́ orúkọ náà rí. Níta, "Bàbá Oyèníran" ni Ìyá ń pe ọkọ rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá àgbàlagbà, ó sì gbé ojú sápá kan.

"Ṣé a lè yí orúkọ igi padà?" ó bi ológoṣẹ́ náà.

"Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń dà wá ni yóò dúró fún orúkọ tuntun náà. Ẹni tó ni igi yóò sì dá a lóhùn kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá dáhùn, a ó kúrò lọ́wọ́ yín."

"Fún ìgbà wo?"

"A kì í padà sọ́wọ́ tí a bá ti kúrò."

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣówándé ló ń da àwọn ológoṣẹ́ yìí kó tó kan òun. Ó dúró fún igi ẹnìkan tí kò sí nílé, nítorí ó ṣàánú rẹ̀. Títí di òní, bí àwọn ológoṣẹ́ bá ń kọjá, Ṣówándé kì í gbé ojú sókè. Á kàn máa di apẹ̀rẹ̀ ọsàn rẹ̀ lọ. Mosúnmọ́lá ti fọn fèrè lórí àpáta láìmọye ìgbà kí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó bà lé e lọ́wọ́, ó sì sunkún lọ́jọ́ náà. Ó mọ èyí tí apá rẹ̀ kò dá nínú wọn, ó mọ èyí tó máa ń ṣe ọ̀lẹ ní òwúrọ̀. Kí ni yóò máa ṣe bí wọ́n bá lọ?

Bàbá kò sì ní ohùn.

"Ewé ti ń pa ẹnu dé," ni ológoṣẹ́ àgbà wí. "Bí ó bá pa á dé tán, orí ewé ni oògùn yóò dúró sí, yìnyín ni yóò sì dà."

Kí ni orúkọ? Mosúnmọ́lá bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ Ìyá lára igi. Bí a bá ń pe ènìyàn ní ohun kan láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi hu ewú, tó sì ń yíjú sí ẹni tó pè é, kí ló kù kí ohun náà tó di orúkọ?

"Màmá," ó wí, "bí mo bá fi í sí wọn lẹ́nu, gbogbo àdúgbò ni yóò máa gbọ́ ọ láràárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ka igi tó jí. Ìyá Ládùnjoyè náà á gbọ́."

 Ìyá fa aṣọ ìbora sí iwájú orí. Mosúnmọ́lá rí i pé ojú ń tì í ní tòótọ́, bí ọmọge tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ilé.

"Ìtìjú kò pa igi rí," ó wí níkẹyìn. "Yìnyín ló ń pa á. Dúró fún un, ọmọ mi."

"Mo dúró fún un," ni Mosúnmọ́lá wí sókè. "Eyínmẹ́nugún ni orúkọ rẹ̀."

Ó yí padà láti sáré lọ pe Bàbá, àfi bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dúró síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó jáde. Ó fi kúbùsù wé ara bí ẹ̀kọ inú ewé, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ ró, ojú rẹ̀ sì dán bí ti ẹni tó ti ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ta ní kí ẹ jáde sínú òtútù?" Ìyá pariwo. "Ẹ padà wọlé. Rárá, ẹ má wọlé. Ẹ dúró."

"Eyínmẹ́nugún," ni ológoṣẹ́ àgbà pè.

Bàbá la ẹnu. Ẹ̀fúùfù lásán ló jáde.

"Eyínmẹ́nugún."

Bàbá tún la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ètè rẹ̀ sọ ọ́, gbogbo wọn rí i pé ètè rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ kì í wo ètè. Oòrùn ti wọ̀ dé ìdajì. Mosúnmọ́lá gbọ́ tí àwọn ológoṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń yí ìró wọn padà díẹ̀díẹ̀, bí agbo ẹran tó fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ó di fèrè rẹ̀ mú ṣinṣin. Kò bẹ̀ wọ́n. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi bẹ irin?

"Eyínmẹ́nugún," ni ológoṣẹ́ náà pè, bí ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́.

Bàbá fa èémí ńlá láti fi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Òtútù wọ̀ ọ́ lọ́fun, ikọ́ sì gbé e. Ó hú u, ó hú u, ọ̀pá ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, ikọ́ tó dà bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà ń dún ká gbogbo ọgbà. Ìyá sáré lọ gbá a mú.

Gbogbo àwọn ológoṣẹ́ dákẹ́ ní afẹ́fẹ́.

"Mo mọ ikọ́ yìí," ni èyí àgbà wí. "Ní gbogbo ọyẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ni igi ti dáhùn."

Wọ́n rọ́ wọ abẹ́ igi náà tòun ti gbogbo oògùn tó kù nínú wọn. Ìkùukùu oògùn gòkè láti abẹ́, ó gba àárín ẹ̀ka, ó bo ọsàn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kẹ́yìn sì tàn gba inú rẹ̀ kọjá. Òórùn òkun tún gba inú ọgbà. Mosúnmọ́lá kò mọ̀ pé òun ti jókòó sílẹ̀ títí ó fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó nà gbọọrọ níwájú.

Bàbá na ìka sí ẹnu rẹ̀, níbi tí eyín tó kù kò ti lè bá ara wọn jà mọ́. Ó gbé ojú sókè sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí, ó ń tún kúbùsù rẹ̀ wé. "Nígbà tí mo sọ yín bẹ́ẹ̀, wọ́n pé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Ní òwúrọ̀, ilẹ̀ funfun. Koríko dúró gan-an bí abẹ́rẹ́, ìgò omi tí wọ́n gbàgbé sí ẹ̀yìn ilé ti là sí méjì. Ará àdúgbò jáde bí wọ́n ti máa ń jáde, wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá, olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà ọgbà rẹ̀. Mosúnmọ́lá fọn fèrè. Àwọn ológoṣẹ́ gbéra, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré wọn wo ewé, wọ́n sì ń pe igi tó bá jí. Bí wọ́n bá pe ọ̀kan, ẹni tó ni ín, tàbí ìyá rẹ̀, á dáhùn pé, "Mo wà."

Wọ́n pe Oyèníran, Ìyá dáhùn. Wọ́n pe àwọn àbúrò rẹ̀, Ìyá dáhùn. Wọ́n fò dé òpin ọgbà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá na ọwọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó di ọwọ́ Mosúnmọ́lá mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí igbá ẹ̀kọ àná.

"Eyínmẹ́nugún," ni ológoṣẹ́ àgbà pè, ohùn rẹ̀ sì lọ káàkiri gbogbo àdúgbò.

Gbogbo orí yí sí òpin ọgbà náà.

"Eyín ta ni?" Ìyá Ládùnjoyè béèrè láti ìkejì ọgbà. "Nílé ta nìyẹn?"

Ìyá fi aṣọ ìbora bo gbogbo ojú, kò sí ohun tó ṣẹ́kù níta bí kò ṣe orí ìka rẹ̀. Mosúnmọ́lá rò pé ó ń sunkún. Nígbà tó fara mọ́ ọn, ó gbọ́ pé ẹ̀rín ni.

Lẹ́yìn wọn, fèrèsé ṣí. Bàbá yọ orí tòun ti kúbùsù. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ti dípẹtà, ó há, ó fọ́ láàárín, ṣùgbọ́n ohùn ni.

"Ọ̀dọ̀ mi ni," ó wí. "Èmi ni mò ń jẹ́ ẹ. Mo wà."